Àwọn Tó Ń Jókòó Níwájú Ilé Ìyá Rẹ

Ìtẹ́olúwakìṣí ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo sì kí ọ kú làálàá Èkó. Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń ráhùn bí mo bá fẹ́ dìde. Olúwa tó mú ìyá rẹ lọ kò ní gbójú kúrò lára àwa tó kù, o kò sì ní rí ohun tí yóò mú ọ fọwọ́ lẹ́rán. Àmín. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí lórí fóònù, kí n tó kí ọ tán ni o ti ń sọ pé Bàbá, mo wà ní mítìn. Lẹ́tà ní tirẹ̀ lè dúró dè ọ́ títí mítìn yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ ilé tí ìyá rẹ kọ́ sí Challenge níbí ni, ilé tí a sin ín sí, tí o ní kí a tà kí n lè padà sí Ìgbòho. Kò pẹ́ tí ẹ̀yin ọmọ lọ lẹ́yìn ìdúpẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé síwájú ilé wa gan-an. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n ri irin mọ́ ọn, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì to ìjókòó sábẹ́ rẹ̀. Mo wò ó, omi bọ́ lójú mi. Mo ní ìjọba tí a ń bú yìí, wọ́n mà mọ ẹni tó ṣọ̀fọ̀ o. Kánópì tí a háyà fún ìsìnkú, ilẹ̀ kò tíì ṣú tán tí àwọn tó ni ín fi tú u lórí wa, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ni ìjọba fi de tiwọn mọ́lẹ̀. Ohun kan ló dùn mí, pé wọ́n so ìjókòó pọ̀ mọ́ irin, bí ẹni pé olè ni wá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní kùtùkùtù. Wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n fajú ro, àwọn mìíràn tilẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán. Ìwọ náà mọ̀ pé ní Ìgbòho, ẹni tó wá kí ọ kú ìdárò kì í lọ láì fẹnu kan omi. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, mo mú ife, mo ń bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ pé a kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín o. Mo ròyìn ìyá rẹ fún wọn, bó ṣe fi orí ara rẹ̀ ru omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù ilé yìí. Wọ́n ní háà, Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọmọbìnrin kan nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì gbọ̀ọ̀rọ̀ kan dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo wọn wọlé. Mo ní ẹgbẹ́ wo ló háyà èyí? Kí n tó fọ ife, ọ̀wọ́ mìíràn ti jókòó. Mo ní ìyá rẹ lókìkí tó báyìí, kò sì sọ fún mi.

Ìyá Islamiyat aránṣọ ẹ̀gbẹ́ wa ló là mí lójú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní bọ́ọ̀sì tuntun tó ń gba Mọ́kọ́lá lọ sí Agbowó ni wọ́n ń dúró dè, pé Bàbá Ìtẹ́, gbogbo Ìbàdàn lẹ fẹ́ fún lómi mu. Mo ní ó dáa, bí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n wá kí, kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé ẹ kú ìrọ́jú? Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. N kò sì dá omi dúró.

Ṣàkírù, éjẹ́ǹtì tí o rán wá, wá mú Alhaji kan dé láti wo ilé. N kò fẹ́ tà á, n kò sì fẹ́ kọ̀ sí ọ lẹ́nu, mo bá ní kí n kúkú sọ àléébù ilé, kí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Oko ẹ̀bá ọ̀nà, ta ní ń fẹ́ ẹ ní Ìgbòho? Gbogbo ẹni tó ń kọjá ní í ya àgbàdo jẹ níbẹ̀. Mo ní Alhaji, ilé yìí kò ṣe é gbé, ẹnu géètì gan-an ni bọ́ọ̀sì ń dúró. Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fowó kún owó. Mo ní bóyá kò gbọ́ dáadáa. Mo ní ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀wọ́ kan kò tíì lọ tán tí òmíràn fi ń dé, wọ́n sì ń bi mí bóyá mo ń ta búrẹ́dì, bóyá mo ń ta káàdì fóònù. Ó tún fowó kún un. Ṣàkírù fà mí sẹ́yìn ilé, ó ti ń làágùn, ó ní Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ irú ìnájà yìí? Ó ní ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni ilé ti ń wọ́n. Mo ní ṣé ara àwọn ará Ìbàdàn yá báyìí? Ariwo ni wọ́n ń fowó rà?

Mo wá sọ èyí tó kù. Mo ní ìyàwó mi sùn sábẹ́ fèrèsé yẹn. Alhaji tẹ́wọ́, ó ṣe àdúà fún un, àdúà gidi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní ìyẹn kò le, wọn yóò da kọnkéré bò ó, ṣọ́ọ̀bù yóò sì jókòó lé e. Ìtẹ́, ó ń fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ronú.

Inú ilé kò gbà mí láti ronú, mo bá wọ bọ́ọ̀sì náà, mo bá a dé Agbowó, mo sì bá a padà. Bí a ti ń súnmọ́lé, mo ń dààmú ohun tí mo máa sọ fún awakọ̀, nítorí ibi tí ilé wa wà kò lórúkọ. Àfi bí obìnrin kan níwájú ṣe kígbe pé ẹ já mi sí Ìyá Ìtẹ́ o! Mo dìde dúró, mo ní ta ló ń pe ìyàwó mi? Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Surajudeen tó ń wa ọkọ̀ ní Bàbá, ẹ jókòó, orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù ni. Ó ní ṣé n kò mọ bàbá arúgbó kan tó máa ń pín omi níbẹ̀ ni, tó ń ròyìn ìyàwó rẹ̀ ṣáá? Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.

Nígbà tí mo sọ̀, Ṣàkírù ti gbé pátákó kan ti ògiri wa, ó kọ ọ́ pé ilé títà, Bọ́sítọ́ọ̀pù Ìyá Ìtẹ́. Mo ní kó kà á sókè. Ó kà á. Ó tún un kà sínú. Ó họrí, ó sì gbé pátákó rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ní òun yóò dúró de ohun tí ìwọ bá wí.

Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀, ọmọ mi, n kò ní bá ọ jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí o kọ́kọ́ wá. Bí o bá dé Challenge, wọ bọ́ọ̀sì náà, sọ fún wọn pé kí wọ́n já ọ sí Ìyá Ìtẹ́, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ, orúkọ tìrẹ náà wà níbẹ̀. Bí o bá sọ̀ tán tí o ṣì ní kí a tà á, a ó tà á.

Kí o tó dé, jọ̀wọ́ fi owó ife ránṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo kò ká wọn mọ́, àti owó ọ̀dà dúdú, kí n kọ orúkọ ìyá rẹ gàdàgbà sára ògiri kí àjèjì má bàa ṣìnà. Olúwa yóò fi àánú ṣáájú rẹ, ibi tí o bá jókòó sí kò ní mì, ẹni tó máa bu omi fún ọ kò sì ní wọ́n ọ níbikíbi tí ó bá rẹ̀ ọ́ sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gbádégẹṣin, ní Ìyá Ìtẹ́.