Ọ̀rọ̀ Aláwọ̀ Búlúù Tí Mi Ò Tẹ̀

Avenue 16,
Treichville,
Abidjan.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 2008.

Folákẹ́ ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ìkókó,

O kú ewu o. O kú ọwọ́ lómi. Báwo ni ara lẹ́yìn ìkúnlẹ̀? Ṣé ọmọ ń mu ọyàn dáadáa? Ṣé Màmá ti dé láti bá ọ wẹ̀ ẹ́? Àlàáfíà ni àwa wà níbí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí ìjókòó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi pamọ́ fún ọ láti oṣù kẹjọ. Ṣé o rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́, tí mo kàn ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun, tí o ní ohùn mi ń gbọ̀n? Ìdí rẹ̀ rèé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wà ní sáíbà kafé tó wà lẹ́yìn ọjà Treichville. Mo ṣí ímeèlì mi, mo bá orúkọ rẹ níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé o ti bímọ, pé ọmọ náà tètè dé, kò sì lágbára. Kí n tẹ ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀ kí n lè rí fọ́tò rẹ̀. Oyún oṣù méje péré! Ọdún mọ́kànlá tí a fi gbàdúrà rọ́ wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì bo ojú mi.

Ọwọ́ mi ti wà lórí èkúté kọ̀ǹpútà nígbà tí Zénabou tó ni ibẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí síhìn-ín, rí mi.

"Tantie, attends, ẹ dúró ná," ló wí. "Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé èkúté lé orí ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹ kàn fi síbẹ̀. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀."

Folákẹ́, àdírẹ́sì mìíràn ló yọ nísàlẹ̀, ó gùn, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, kò bá fọ́tò tan rárá. Bí ìgbà tí ọkọ̀ gbaka ń pe Adjamé, tó sì jẹ́ Songon ló ń lọ. Zénabou ní ká ní mo tẹ̀ ẹ́ ni, ojú ewé kan tó jọ ti ímeèlì wa gẹ́lẹ́ ni ì bá ṣí, tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fi ń wọlé. Ó ní ó jọ pé bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe gba tìrẹ nìyẹn, tí wọ́n fi ka lẹ́tà wa, tí wọ́n mọ̀ nípa oyún.

Mo ń gbé èkúté náà kúrò, mo ń dá a padà. Àdírẹ́sì náà ń pa rẹ́, ó tún ń yọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń lo nǹkan yìí, mi ò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ló ń sọ òótọ́ fún mi nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Mo jáde, mo pè ọ́. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e. O ní ẹ̀wà lò ń jẹ, pé ọmọ ń tàpá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ irú èyí fún aboyún? Ọládipọ̀ ọkọ rẹ ni mo sọ fún. Ó yí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ padà, ó sì ní kí n dákẹ́ títí o ó fi sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Àná ni òun náà wá fi ímeèlì ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tirẹ̀. Mo gbé èkúté lé e, mo ka ìsàlẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́. Síbẹ̀ mo pè é, ó ní òun ni, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè: irun, iwájú orí, ojú méjì tó pa dé, imú Màmá gan-an. Zénabou fi oníbàárà sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi. A jọ ń wò ó títí àgbọ̀n fi yọ.

Bá mi kí Ọládipọ̀, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá fún mi. Kassim tó ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló mú lẹ́tà yìí dání, pẹ̀lú ẹ̀wù kékeré méjì. Ojú ni mo fi wọn ọmọ náà nínú fọ́tò. Bí wọ́n bá tóbi jù, á dàgbà bá wọn.

Èmi ni, tìrẹ láéláé,
Ẹ̀rínọlá.