Oníṣègùn Abẹ́rẹ́ ní Aago Méjì

Àbíkẹ́yìn mi, má wulẹ̀ tú ilé, fóònù ẹ wà lápò mi.

Láàárọ̀ yìí, ìkòkò jóná níwájú ẹ, ìyá àgbà ń wúkọ́ nínú èéfín, ojú ẹ ò kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn aládùúgbò ti sáré dé kí o tó ní, "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù!" Má bínú pé mo já fóònù náà gbà. Ẹ̀rù ló bà mí.

Oníṣègùn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ilé ìwé yín ń retí wa ní aago méjì. Etí ló máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún, kò ní fa oògùn kankan sí i. Ó ní òun lè tú okùn íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ẹ, àmọ́ òun ò lè búra.

Mi ò ní wọ́ ẹ lọ. Mo ti ní kó kọ́kọ́ gún èmi tí mo máa ń sá fún abẹ́rẹ́. Jọ̀ọ́, wá. Má jẹ́ kí n dá jókòó síbẹ̀.

Bàbá ẹ