Ìwé Tó Dárúkọ Ìran Wa

Wadgaon, Maharashtra

Dinkar àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Muscat. Orúnkún Màmá ti ń sàn, wọ́n ti ń dá rìn dé ìdí kànga. Ẹfọ̀n tí à ń sìn nílé bí abo, a sì ń rí wàrà mu dáadáa.

Pranali ọmọ mi yege ìdánwò àtikọ́ṣẹ́ dókítà. Ó bọ́ sí àyè tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún irú ìran tiwa, tí wọ́n ń pè ní aláìmọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ká mú ìwé àtijọ́ tó dárúkọ ìran wa wá. Àgbàrá ti gbé ti Bàbá àti tèmi lọ. Ìwé tí o fi jáde ilé-ìwé nìkan ló kù.

Mo mọ̀ pé o ti yí orúkọ padà, àwọn àna rẹ ò sì mọ ìran tí a ti wá. Mi ò gbàgbé bí tíṣà ṣe ń mú ọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. N ò bá ọ wí.

Pranali ní, "Bàbá, ẹ má yọ Bàbá Kékeré lẹ́nu. Màá tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ṣé ojú ń tì ẹ́ ni?"

Ó ní, "Ojú ò tì mí. Àánú Bàbá Kékeré ló ń ṣe mí."

Ogúnjọ́ oṣù yìí ni wọn ò ní gbàwé mọ́. Jọ̀ọ́, fi ìwé náà ránṣẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ̀wé sọ fún Pranali; ẹnu mi ò ní lè sọ ọ́.

Ara yóò máa le, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bhagwat