Ikọ́ tí Rọ́kì gbé wọ ilé wa

Adékànmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Ajégúnlẹ̀? Ṣé iṣẹ́ èbúté ń lọ déédéé, ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun, tí wọ́n ń sùn? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn tírélà tó dí ọ̀nà Àpápá kò ní í tòògbé, ẹrù ẹlẹ́rù kò ní í já lù ọ́. Èmi náà wà. Orúnkún ń dùn mí, àgbàdo ti gbó, ẹnikẹ́ni kò kú. Mọ́nsúrátù aránṣọ, aládùúgbò wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Àbúrò rẹ̀, Mansur onítírélà, ni yóò mú un wá nígbà tó bá ń bọ̀ wá gbé kọntéínà.

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí o mú Rọ́kì wá fún mi, o ní ikọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ sùn, pé ilé kan lọ́nà Liverpool ní Àpápá, tí wọ́n ti ń gbowó gba ajá sùn, ló ti kó o, nígbà tí ẹ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ìyàwó rẹ. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ajá máa sun òtẹ́ẹ̀lì. Bí ajá bá pọ̀ nínú yàrá tí atẹ́gùn kò wọ̀, tí ọ̀kan bá húkọ́, gbogbo wọn ló máa húkọ́. O tún fún mi ní káàdì dókítà rẹ̀, mo ní kí Mọ́nsúrátù kà á, ó ní Rọ́kì Adétòkunbọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ti sọ ajá di ọmọ mi, wọn ò sì bi mí. Orúkọ Rọ́kì yẹn gan-an kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ìyá rẹ ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ. Kòdùnwọ́n tó sọ ajá tirẹ̀, ẹni tó ń bá wí mọ̀ pé òun ni, ẹni náà ló sì ń kọ ìwé yìí. Ó ní kí n yọ ìyẹn kúrò, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí.

O ní kí Rọ́kì dá wà, kí òun àti Kòdùnwọ́n má jọ jẹun. Mo gbọ́, mi ò gbà. Àlejò ti Èkó dé, kí n ní kó lọ jẹun lẹ́yìnkùlé bí olè? Abọ́ kan náà ni mo bu oúnjẹ wọn sí. Kò pẹ́ tí Kòdùnwọ́n náà fi bẹ̀rẹ̀, ikọ́ gbígbẹ, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, yóò húkọ́ títí yóò fi pọ itọ́ funfun. Rọ́kì ń húkọ́, ó ń ṣeré, ọ̀dọ́ ni. Kòdùnwọ́n ti darúgbó, kò jẹun mọ́. Òun nìkan ló kù nílé yìí tó ń dìde tí mo bá wọlé. Mi ò fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni mo pè ọ́ lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, tí o sì gbé e fún Eucharia, dókítà ẹran tó wà lọ́dọ̀ yín ní Àpápá. Ọmọ náà mọ̀wé, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún un pé àlùbọ́sà ni mo ń gún lọ́wọ́, òun la fi ń wo ikọ́ tiwa. Ó ní kí n dà á nù, àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Oyin díẹ̀ ni kí n pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́ fún un. Ó ní kí n tú okùn ọrùn rẹ̀ kó má fún un lọ́fun, kí n gbé omi gbígbóná sí tòsí rẹ̀ kó máa fa ooru rẹ̀ símú, kí n má gbé e síbi tó lè jó o, kí n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ abọ́ rẹ̀, kó má sì sùn síbi èéfín. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò tíì jẹun, tàbí tó bá ń mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ ti kọjá oyin nìyẹn, kí n gbé e lọ bá dókítà ẹran ìjọba kíá.

Ó wá ní kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹnu ajá kí òun gbọ́ ikọ́ náà. Mo gbé e sún mọ́ ọn, Kòdùnwọ́n húkọ́ sí i lójú, itọ́ bò ó. Mo sì ń wo ajá mìíràn lẹ́yìn dókítà náà, ó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ní ikọ́ ajá mi kò ní í ti orí fóònù lọ bá ajá alájá. Mo gbé fóònù náà bọ omi gbígbóná, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Bí ajá Àpápá yẹn bá ti ń húkọ́, bá mi bẹ Eucharia, mo yára débi tí agbára mi mọ.

Ó wá ku ibi tí kò ní èéfín. Ilé ìdáná ni Kòdùnwọ́n ń sùn, Rọ́kì wà ní pálọ̀, eruku àgbàdo ló kún yàrá mi. Yàrá ìyá rẹ ló kù, èyí tí mo tì láti ọjọ́ tí a ti sin ín, tí ẹ bẹ̀ mí títí kí n ṣí, tí mo ní kí ẹ fi mí sílẹ̀. Mo ṣí i. Mo ṣí fèrèsé, mo gbá ilẹ̀, mo tẹ́ ọ̀kan nínú ìró rẹ̀ fún ajá rẹ̀. Mọ́nsúrátù gbé oyin wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí àlùwálá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti sọ ajá yẹn lórúkọ, Mọ́nsúrátù kò pè é rí. Lọ́jọ́ náà ó na ọrùn wọlé, ó ní, “Kòdùnwọ́n, jọ̀ọ́, dìde jẹun.” Ajá náà gbé orí sókè, ó wò ó, ó lá oyin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọlọ́kadà tí mo ní kó wá gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà bá a nídìí ògì, ó ń jẹun. Mo ní kó máa lọ.

Ikọ́ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Ti Rọ́kì ti tán pátápátá, wá mú un. Dókítà ní oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí ajá nímú kí ikọ́ yẹn má baà mú un, jẹ́ kó gbà á, má sì gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì yẹn mọ́. Okùn àyà ni kí o rà fún un, kì í ṣe tọrùn.

Fi owó fóònù mìíràn ránṣẹ́, kí o ra èyí tó ṣe é fọ̀. Fi owó oyin Mọ́nsúrátù kún un, ó ní òun kò gbà á, ṣùgbọ́n fi í ránṣẹ́. Fi ti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé náà sí i, ẹ̀fọn pọ̀. Bí o bá dé, má wulẹ̀ lọ sùn sílé Dáhùnsí ọ̀rẹ́ rẹ bí o ti máa ń ṣe. Inú yàrá ìyá rẹ ni kí o sùn. Kòdùnwọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo.

Ibi tí o bá forí lé, ọ̀nà á là fún ọ. O ò ní í ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìbànújẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adétòkunbọ̀