Ilẹ̀ Òkèèrè Tó Wà Lẹ́yìn Ìjió

Sàrátù ìyá rẹ kú ní ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní ọdún tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Ejò ló pa á. Mo mọ̀ pé o mọ̀. Tíṣà Ọ̀jẹ̀túndé, tó kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mọ̀ pẹ̀lú, ó sì ní wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, orí ikú yẹn ló dúró lé, n kò sì fẹ́ kí o kà á dé àárín kí o tó mọ ibi tí mo ń lọ.

Àdìjátù ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé òrùlé ilé tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn kò jò? Àwa náà wà ní Ìgbòho níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun Ọba. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún gba ìròyìn ara wa mọ́. Òjò pẹ́ púpọ̀ lọ́dún yìí, ilẹ̀ le bí òkúta, mo sì ń lọ sí oko lójoojúmọ́ láìrí nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Sàfúrátù ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí ọkùnrin, ó dúdú, igbe rẹ̀ sì pọ̀. Ìyápọ̀ tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ra alùpùpù, ó fi ń gbé èrò, ó sì ti gbé àwọn méjì sínú kòtò, ṣùgbọ́n ó ní kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Ewúrẹ́ ìyá rẹ tó kù ti bímọ. N kò lè tà á, n kò lè pa á, ó kàn ń jẹ mí ní èèpo iṣu ni, à ń wo ara wa lójú.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi. Inú mi dùn pé jalàbíà funfun ni wọ́n ń wọ̀ níbi iṣẹ́ yín. Tíṣà ní kì í ṣe jalàbíà, ó ní ẹ̀wù dókítà ni. Ẹ̀wù tó funfun, tó gùn dé orúnkún, kí ló kù kó jẹ́? Ṣùgbọ́n rọ́bà dúdú tí o gbé kọ́ ọrùn yẹn ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbí. Àwọn kan ní tírà ni. Mo ní tírà kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tó bá ní tírà, abẹ́ aṣọ ló ń fi í sí. Kọ̀wé sọ ohun tó jẹ́ kí n lè dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ pe Tíṣà nìyí. O ní ẹ̀kọ́ yín ti dé ibi tí kálukú yóò kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tí yóò lọ sí ọsibítù ilẹ̀ mìíràn, tí yóò máa tẹ̀lé àwọn dókítà ibẹ̀ láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí àìsàn tó ti kà nínú ìwé. O ní ọsibítù kan ní Ìlú Ọba ti gbà ọ́, wọn kò ní san owó fún ọ, ìwọ ni wàá sì wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá wọn. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń rí nìyẹn. Nígbà tí Bàṣírù ẹ̀gbọ́n rẹ lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, wọn kò fún wa ní kọ́bọ̀, àwa la ru iṣu lọ. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo mú un lọ. Mo rí ojú ọ̀gá rẹ̀, mo rí ibi tí yóò máa sùn, mo dúró títí mo fi rí bí ìyàwó ọ̀gá ṣe ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, kí n tó yíjú sílé. Ta ni yóò rí ojú ọ̀gá tìrẹ ní Ìlú Ọba?

Ohun tí wọ́n sì ń béèrè kò tẹ́ mi lọ́rùn. O ní wọ́n fẹ́ kí o ya fọ́tò inú àyà rẹ kí wọ́n lè mọ̀ pé ikọ́ ife kò ṣe ọ́. Ṣé dókítà ni wọ́n ń retí ni, àbí aláìsàn? O tún ní kí o san owó ìwé kan, pé bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́hùn-ún, tàbí bí o bá kú, ìwé náà ni yóò gbé ọ padà wálé. Mo ní kí Tíṣà tún ibẹ̀ kà. Ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ló sọ. Mo ti jẹun nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, ẹnikẹ́ni kò gba owó òkú lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Àwọn ènìyàn wo nìyẹn?

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ni kò jẹ́ kí n jókòó. Nígbà tí a gbé ìyá rẹ dé ọsibítù, dókítà kékeré kan ni a bá níbẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Kò hùwà búburú sí wa. Ó sáré, ó dá òógùn. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ, ó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní èrìgì rẹ̀, ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ó ṣí i sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó wú yẹn. Ó ní òun ti ka nǹkan yìí, ṣùgbọ́n òun kò rí i rí. Ibi tó ti ń ṣí ìwé lọ ni ìyá rẹ ti dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí o kọ̀wé pé wọ́n fẹ́ kí ẹ lọ fi ojú rí i, Alhamudulilahi ni mo kọ́kọ́ sọ. Mo ní àwọn ọ̀gá yín ti wá gbọ́n. Mo wá bi Tíṣà bóyá paramọ́lẹ̀, irú èyí tó ṣán ìyá rẹ, wà ní Ìlú Ọba. Ó ní òtútù ibẹ̀ ń sọ omi di òkúta. Ejò wo ni yóò dúró nínú òtútù bẹ́ẹ̀ de ènìyàn tí yóò ṣán? Bí kò bá sì sí ejò, kí ni wàá fi ojú rí?

Láti ìgbà náà n kò dúró lójú kan. Mo dé oko, mo padà. Mo wọ mọ́ṣáláṣí, mo kírun tán, n kò mọ iye ráká tí mo kí. Mo wá rántí pé Jẹ́ẹ́dé ọ̀rẹ́ mi, tó ń gbé àgbàdo lọ tà ní ẹnubodè, sọ fún mi nígbà kan pé ọsibítù kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń gbé ẹni tí ejò ṣán lọ láti ibi gbogbo. Ilẹ̀ mìíràn ni o sọ nínú lẹ́tà rẹ. Ilẹ̀ mìíràn kò jìnnà, ẹ̀yìn Ìjió ló wà. Mo di iṣu sínú àpò, mo mú obì, mo wọ ọkọ̀ dé Ṣakí, mo bá Jẹ́ẹ́dé níbẹ̀, a jọ gba Ìjió lọ.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ibẹ̀ kì í ṣe òkèèrè. Wọ́n fi igi dí ọ̀nà. Àsíá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ọkùnrin tó gbé ìbọn bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà kò gbọ́ tèmi, a kí ara wa títí ó fi rẹ̀ wá. Mo ra ẹ̀kọ, owó tí ẹlẹ́kọ fi ṣe ṣéńjì fún mi, sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ ni, mo tọ́jú rẹ̀ dè ọ́.

Òyìnbó Faransé arúgbó kan ló ni iṣẹ́ níbẹ̀, obìnrin ni, sístà ìjọ Àgùdà, Màsẹ́rì ni gbogbo wọn ń pè é. Abíọ́nà, ọmọ Ṣábẹ tó ń fọ egbò fún un, ló bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo ní mo ní ọmọ tí mo fẹ́ fi sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ó bi mí pé ṣé ó lè gbálẹ̀, ṣé ó lè fọ aṣọ. Mo ní dókítà ni, ó kù díẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Mo wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé ṣé ó ti rí ẹni tí paramọ́lẹ̀ ṣán rí. Ó ní kí n máa bọ̀.

Ó mú mi wọ yàrá kan. Obìnrin kan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú bí odó, ó ń mu ògì. Abíọ́nà ní ìdí ebè ni ejò ti ṣán an, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ní èrìgì rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé, abẹ́rẹ́ Màsẹ́rì ló dá a dúró. Àdìjátù, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìyá rẹ ṣe rí. Obìnrin náà bi mí bóyá èmi ni bàbá ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, mo ní rárá. Ó ní kí n jókòó nígbà náà, ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀ mí. Mo jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ògì náà kò dùn, pé wọn kò fi ṣúgà sí i, pé láti àná lòun ti ń sọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá òun lóhùn. Ẹni tó yẹ kó ti wà nínú sàréè ń bínú nítorí ṣúgà.

Mo padà bá Màsẹ́rì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní mo fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ kọ iṣu náà, Abíọ́nà bá a sọ ọ̀rọ̀, ó gbà á. Ó ní kí àwọn ọ̀gá rẹ ní Ìbàdàn kọ̀wé sí òun, òun yóò gbà ọ́. Mo fi ẹnu mi sọ pé wàá wá.

Nígbà tí mo padà dé, ìròyìn ti ṣáájú mi délé. Wọ́n ń kí mi lójú pópó pé Bàbá Dókítà, ẹ kú àbọ̀ òkè òkun, ṣé òkun Ìjió kò ru? Ràsáàkì onígbàjámọ̀ ń fá orí mi lọ́wọ́ nígbà tó ní ó kù díẹ̀ kí òun náà fi kẹ̀kẹ́ lọ sí òkèèrè, kí òun sì padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù. Mo dìde tòun ti orí tó fá dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ló wà di òní.

Bàṣírù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bàbá, oṣù mẹ́ta kan ṣoṣo ni Àdìjátù ní, kò lè pín in sí méjì, ẹ sì ti lọ gba ọ̀gá kejì fún un láìbi í. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ejò nìkan, ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí pé o kò ní padà wá, bíi ti ọmọ Ògúndìran tó lọ sí Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé fọ́tò yìnyín ló fi ń kí bàbá rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Tíṣà, kọ ọ́ pé mo ní irọ́ ni. Ó ti kọ ọ́. Kò sì fi gbogbo ara jẹ́ irọ́. Ó tún bi mí pé Màsẹ́rì gan-an, ṣé ìdí ebè ni wọ́n bí i sí? Ó ní ilẹ̀ òtútù ló ti kọ́ iṣẹ́ kí ó tó wá sí ibi tí ejò wà, abẹ́rẹ́ tó sì fún obìnrin yẹn, ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ṣe é. Mo gbé àdá, mo lọ sí oko, n kò ge nǹkan kan.

Bí ìjọba bá san owó tí wọ́n ń fún ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé gíga, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ ra bàtà rọ́bà tó gùn dé orúnkún, tèmi àti ti Sàfúrátù, nítorí ó ti ń bá wa lọ sí oko. Fi ṣúgà onígun sí i, páálí kan. Jẹ́ẹ́dé yóò bá mi gbé e fún obìnrin tí mo sọ. Kí Ọlọ́hun Ọba là ọ́ lójú sí ohun tó ń pa ènìyàn, kí ó fi ọwọ́ rẹ dá a dúró. Ibi tí o bá dé, wọn kò ní kó ìyà jẹ ọ́, o kò ní ṣìnà, o kò ní bá ẹni ibi pàdé, ilé kò ní dàrú lẹ́yìn rẹ. Àmín.

Ní ti ibi tí wàá lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi. Mo pe Bàṣírù láàárọ̀ yìí, mo fi lé e lọ́wọ́ níwájú Lémọ́mù. Òun ni àkọ́bí yín. Ọkọ̀ kò sí lọ́jọ́ náà. Òun ló fi ọ̀já so ìyá yín mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, tó wà á láti oko dé ọsibítù, òun náà ló tún so ó mọ́ ẹ̀yìn padà wálé. Èmi ń sáré lẹ́yìn wọn, n kò bá wọn àfi ní ọsibítù. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Yóò dé Ìbàdàn lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, má san owó ọkọ̀ òfúrufú kí ó tó dé. Bí ó bá ní Ìlú Ọba, èmi ni n ó lọ sọ fún Màsẹ́rì pé ọ̀rọ̀ mi kò dúró. Bí ó bá ní ẹ̀yìn Ìjió, gba ẹ̀yìn Ìjió lọ. Má bi mí ní ohun tí mo fẹ́. Ẹni tó mọ bí ìyá rẹ ṣe wúwo tó ni kó sọ ọ̀nà tí wàá gbà.

Èmi ni,
Bàbá Bàṣírù.