Sí Mọ́rúfù, Lórí Ọ̀rọ̀ Taya Oníṣòó

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Mission Bend,
                                        Houston, Texas.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Ọ̀pẹ, 1996.

Mọ́rúfù, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Minneapolis ò tíì mú ọ jù? Iṣẹ́ ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nusaiba ti ń sáré káàkiri ilé, bàbá rẹ̀ sì ní kí n kí ọ. Ọwọ́ òsì rẹ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti gbọ́. Jókòó kí o gbọ́ tèmi, nítorí inú ń bí mi gidigidi.

Nígbà tí o kọ̀wé pé kí n bá ọ bi Bàbá Nusaiba bóyá taya oníṣòó wúlò, èyí tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ sí lára kí kẹ̀kẹ́ má baà yọ̀ lórí yìnyín, ẹ̀rín ni mo rín. Mo rò pé o kàn ń wá nǹkan tuntun rà ni. O mọ̀ pé ẹnjiníà ni wọ́n, wọn kì í fi ìbéèrè ṣeré. Wọ́n ní taya yẹn wúwo, ó ń pariwo lórí ọ̀dà gbígbẹ, àti pé bí wọ́n bá ti ń kó yìnyín kúrò lójú títì, kí o ṣáà rọra máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ. Èmi náà fọwọ́ sí i. A jókòó sí Houston, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú oṣù Ọ̀pẹ, a ń dá ẹjọ́ yìnyín. Mo kọ èsì pé má rà á, mo sì lẹ sítáǹpù mọ́ ọn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Hussein tí ẹ jọ ń gbé wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Pearland, ó sì wá kírun ní mọ́ṣáláṣí wa. Bó ṣe rí mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Àǹtí Misturah, ẹ kú ewu Mọ́rúfù o.” Mo ní ewu wo? Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fẹ́ dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, mi ò jẹ́ kó lọ. Ó wá jẹ́wọ́ pé kí o tó kọ̀wé sí mi nípa taya ni yìnyín ti gbé ọ ṣubú ní ìkóríta, pé díẹ̀ ló kù kí mọ́tò gun orí rẹ, pé ọrùn ọwọ́ rẹ kán, wọ́n sì ti fi P.O.P. dì í. Ó ní o bẹ òun kí òun má sọ fún mi, kí ọkàn mi má baà dàrú.

Mọ́rúfù, ṣé orí rẹ pé? O béèrè ọ̀rọ̀, o fi ìdí rẹ̀ pa mọ́. Ṣebí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ká ní mo ti fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ ni, ò bá tẹ̀lé e, nítorí o kì í kọ ọ̀rọ̀ mi, ò bá sì tún gun taya lásán padà sí ìkóríta yẹn. Mo ti fà á ya.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí Màmá kú, ẹ sin wọ́n, ẹ fi pa mọ́ fún mi, ẹ ní mo lóyún, mo sì wà lókè òkun. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ dáadáa ló kí mi kú àṣẹ̀yìndè nínú ṣọ́ọ̀bù ní Gulfton, iṣu wà lọ́wọ́ mi. O gbọ́ ẹkún mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà, ìwọ fúnra rẹ lo sì búra pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀ ń pè é ní àánú, ìyà lẹ fi ń jẹ mí.

Ìdáhùn rẹ nìyí: ra taya oníṣòó náà, tiwájú tẹ̀yìn. Bàbá Nusaiba ní bí tiwájú bá yọ̀, tẹ̀yìn ò lè gba ẹnikẹ́ni là. Jẹ́ kó máa pariwo. Ṣùgbọ́n títí wọ́n á fi tú ọwọ́ yẹn, bọ́ọ̀sì ni kí o máa wọ̀.

Bá mi kí Hussein, má sì bá a jà, ìkíni tó yẹ ló kí mi. Má wulẹ̀ kọ èsì, nítorí mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mi ò ní kóòtù òtútù, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lórí yìnyín, ṣùgbọ́n ojú ara mi ni mo fẹ́ fi rí ọwọ́ yẹn.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
                                        Misturah.