Kí O Tó Bínú Nítorí Àwọn Igi Rẹ

Sirojiddin ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Tashkent. Ara le bí? Kí otútù ìlú ńlá má ṣe mọ ojúlé rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Màlúù wa ti bímọ, akọ ni, ó sì ti ń kan èèyàn.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé, a dúpẹ́. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ tó ń júwe Káábà yẹn, mo gbé e lọ sí mọ́sáláṣí ní Jímọ̀ kí gbogbo abúlé lè rí i. Fóònù ní kí n kọ́kọ́ máa fi òun ya àwòrán nọ́ńbà 8 nínú afẹ́fẹ́ kí ojú òun lè là. Mo ń yà á, mo ń yà á, ni Ergash aládùúgbò wa bá ń bi àwọn èèyàn pé ṣé àlùjọ̀nnú ti gun èmi Yuldosh ni. Mo gbé e ka orí sítóòfù irin tó ń mú mọ́sáláṣí gbóná, mi ò mọ̀ nígbà náà pé irin máa ń fa abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ bá júwe ilé màlúù Ergash. Mo ní ibi tí kò tọ́ ni a ti ń kọjú sí láti ayé bàbá mi. Ergash ní bàbá òun ló fi ẹsẹ̀ wọn ibi tí a ń kọjú sí yẹn, kí n gbé ẹ̀rọ ọmọ mi kúrò lójú òun. Bí ìrun ṣe pín sí méjì nìyẹn, èmi àti arúgbó mẹ́ta kọjú síhìn-ín, àwọn yòókù kọjú sọ́hùn-ún. Odidi ọjọ́ mọ́kànlá, èmi àti Ergash ò kí ara wa.

Àárín ìyẹn ni òjò wó òrùlé Hosiyat, opó tó ń yan búrẹ́dì. Ta ló lọ wò ó? Ọwọ́ gbogbo wa dí, à ń wá Káábà.

Lèmọ́mù wá ka Àlùkùránì sí wa létí, pé ire kì í ṣe kéèyàn kọjú sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn, ẹni ire ni ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́, tó ń fi ohun tó wù ú ta ọmọ òrukàn àti aláìní lọ́rẹ. Kò wo ojú mi rárá. Ì bá kúkú wò mí, ì bá sàn.

Mo délé, mo ní kí n fún Hosiyat ní ewúrẹ́ arọ wa. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Ọlọ́run sọ pé a ò ní dé ibi ire àfi tí a bá ná nínú ohun tí a fẹ́ràn, pé ìgbà wo ni mo fẹ́ràn ewúrẹ́ yẹn?

Ọmọ mi, forí jì mí. Igi terak gíga gbọọrọ mẹ́rìnlélógún tí mo gbìn lọ́jọ́ tí a bí ọ, èyí tí a fẹ́ fi ṣe òrùlé yàrá ìgbéyàwó rẹ, mo ti gé mẹ́rìndínlógún. Ẹkún ni mo ń sun nídìí àkọ́kọ́ tí Ergash fi gbọ́, ó fo ògiri wá, ó gba àáké lọ́wọ́ mi, ó ní láti kékeré lèmi ò ti mọ igi í gé. Mo mọ̀ pé ó ti dárí jì mí nìyẹn. Ọjọ́ méjì la fi jọ kan òrùlé Hosiyat.

Jọ̀wọ́, fi owó ìṣó ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, nítorí Ergash ń fi ìṣó ṣòfò. Igi mẹ́jọ ló kù fún yàrá rẹ, nítorí náà wá obìnrin kúkúrú fẹ́. Hosiyat wo òkè títí, ó ní kí n sọ fún ọ pé abẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ lòun ń sùn báyìí, òjò kan ò sì kan òun. Kí Ọlọ́run fi irú òrùlé bẹ́ẹ̀ bo ìwọ náà níbikíbi tí mi ò bá sí.

Èmi bàbá rẹ,
Yuldosh